Okùn wo ló ṣeé fọkàn tán nínú ríìlì fún ẹja kápù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà apẹja. Ẹja kápù ni mò ń pa. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nísàlẹ̀ adágún tí mo ń lọ, igi tó wó sómi sì wà lápá kan. Nǹkan bí mítà 70 ni mo máa ń ju ìwọ̀ dé. Mo fẹ́ pààrọ̀ okùn inú ríìlì mi méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ kò bára mu. Ẹnìkan ní kí n ra okùn híhun, pé kì í já. Ẹlòmíì ní okùn oníke tí wọ́n ń pè ní fluorocarbon nìkan ni ẹja kì í rí. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní náílọ́ọ̀nù pọ́ùn 12 ti tó, pé okùn ni okùn ń jẹ́, owó rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ẹja ńlá méjì ti já mọ́ mi lọ́wọ́, kò sì wù mí kí ẹ̀kẹta tẹ̀ lé wọn.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí ìjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Fún irú omi tí ẹ ṣàpèjúwe yìí, náílọ́ọ̀nù tó sanra tó mìlímítà 0.35 ni kí ẹ kó sínú ríìlì. Pọ́ùn 15 ni wọ́n sábà máa ń kọ sára rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 6.8. N kò sọ pé òun ló lágbára jù nínú gbogbo okùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé òun ló ń fara da ìyà oríṣiríṣi jù: òkúta, ìjàkadì ẹja lẹ́sẹ̀ bèbè, kókó tí ẹni tó ń kánjú ta lókùnkùn. Okùn mìíràn máa ń ta á yọ níbì kan, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó ta á yọ níbi gbogbo.

Ẹni tó ní okùn ni okùn ń jẹ́, n kò bá a gbà rárá. Kí ló ń já okùn gan-an? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwúwo ẹja ni. Ẹja tó wọn kìlógíráàmù 15 lórí òṣùwọ̀n kì í wúwo bẹ́ẹ̀ nínú omi, nítorí omi ló gbé e dúró, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì jẹ́ kó rì. Eré tó ń sá lọ ni okùn ń dojú kọ. Bí bíréèkì ríìlì bá ń yọ̀ geere, ọ̀pá á tẹ̀, ríìlì á tú okùn sílẹ̀, okùn tí kò ní àbùkù kò sì ní já. Etí òkúta, ìkarahun mímú, kókó tí a kò ta dáadáa, bíréèkì tó há àti ogbó, àwọn wọ̀nyí ló ń já okùn.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ wo ẹnu ibi tí okùn ti já. Bó bá ká jọ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, kókó ló tú. Bó bá họ, tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka láti ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu ibi tó já, òkúta tàbí igi ló fá a. Bó bá gé láìsí ìhọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkarahun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ padà wá sọ fún wa ohun tí ẹ rí.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń ka mìlímítà nígbà tí gbogbo ayé ń ka pọ́ùn.

Torí pé ìsanra ni ẹ̀yin àti èmi lè wọ̀n fúnra wa. Nọ́ńbà pọ́ùn tó wà lára páálí kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. International Game Fish Association, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939 tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹja títóbi lágbàáyé, máa ń rẹ okùn sómi kí wọ́n tó dán an wò. Okùn tí wọ́n ṣe fún irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ já kó tó kọjá nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i. Kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lórí okùn tí a ń rà lójoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ kan lè kọ 15 sára ohun tó ń já ní 13, òmíràn lè kọ 15 sára ohun tí kò ní já títí dé 20. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbígbẹ ni wọ́n fà á, bẹ́ẹ̀ náílọ́ọ̀nù ń mu omi, agbára rẹ̀ sì ń dín kù bó bá ti rin.

Ìsanra kì í parọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: láti 0.30 sí 0.35 dà bí ohun kékeré lójú, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú okùn náà ti fi nǹkan bí ìdá 36 nínú 100 pọ̀ sí i. Láti 0.35 sí 0.40, ó tún fi bí ìdá 30 lé e. Òkúta tó họ ara okùn tínínrín díẹ̀ ti kó apá tó pọ̀ lọ nínú agbára rẹ̀, ìhọ kan náà lára okùn tó nípọn kò tó nǹkan. Bí ẹ bá rí páálí méjì tó ní 15, tí ọ̀kan jẹ́ 0.28 tí èkejì jẹ́ 0.35, olóòótọ́ lè ni àwọn méjèèjì. Síbẹ̀ fún adágún olókúta, èyí tó nípọn ni kí ẹ mú.

* * *

“Okùn híhun tí mò ń lò kò já rí. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.”

Mo gbọ́ èyí dáadáa, ẹni tó sọ ọ́ kò sì purọ́ nípa omi tirẹ̀. Fọ́nrán polyethylene ni wọ́n fi ń hun okùn yìí, irú èyí tí ọjà mọ̀ sí Dyneema tàbí Spectra. Fún ìsanra kan náà, agbára rẹ̀ ju ti náílọ́ọ̀nù lọ fíìfíì. Kì í mu omi. Kì í nà púpọ̀ pẹ̀lú: náílọ́ọ̀nù lè nà tó ìdá 20 sí 30 nínú 100 kó tó já, okùn híhun kì í sábà ju ìdá 5 lọ. Ẹni tó bá ń pẹja láàrin koríko inú omi mọ iyì rẹ̀, torí pé ó máa ń gé igi koríko wọlé níbi tí náílọ́ọ̀nù á há sí. Ẹni tó fẹ́ fi òjé wá ìsàlẹ̀ omi rí, kó mọ̀ bóyá ẹrẹ̀ ni tàbí òkúta, kò lè rí ohun tó dára jù ú lọ, nítorí gbogbo ìkọsẹ̀ òjé ló ń dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀pá tí mo fi ń ju ìjẹ sómi láti kó ẹja jọ, okùn híhun ló wà lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkúta ni ẹni tó béèrè ní. Fọ́nrán tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni wọ́n kó jọ di okùn híhun. Nígbà tí ẹja bá fà á le, tó ń wọ́ ọ gba etí òkúta tàbí ìkarahun kọjá, fọ́nrán wọ̀nyẹn á máa já níkọ̀ọ̀kan, ojú kì í sì í tètè rí i. Mo ti rí okùn híhun tó lè gbé òkúta ńlá sókè tó já bí òwú nígbà tó kan etí ìkarahun. Àwọn kan ní ká so náílọ́ọ̀nù gígùn tó nípọn mọ́ iwájú rẹ̀. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ti fi kókó kan kún un tó gbọ́dọ̀ gba inú òrùka ọ̀pá kọjá. Bí okùn bá sì já lẹ́yìn kókó náà, ẹja á máa wọ́ okùn nínípọn kiri títí tí yóò fi há sára igi. Ìdí nìyẹn tí àwọn alábòójútó adágún kan fi fòfin de irú ìsomọ́ bẹ́ẹ̀, tí àwọn mìíràn kò sì gba okùn híhun nínú ríìlì rárá. Ẹ ka òfin omi yín kí ẹ tó rà á.

Ohun kan tún wà. Polyethylene fúyẹ́ ju omi lọ díẹ̀: 0.97 ni ìwọ̀n rẹ̀ bí a bá pe ti omi ní 1. Bí wọn kò bá fi nǹkan wíwúwo kún un, yóò fẹ́ léfòó, àwọn ẹja tó ń kọjá á sì máa fara kàn án.

* * *

Ọ̀rọ̀ nínà yìí ló ń fa ìjà jù, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n ní náílọ́ọ̀nù ń nà, pé bí ẹ bá fa ọ̀pá ní mítà 100, ìwọ̀ kò ní wọ ẹnu ẹja. Fún àwọn ẹja tí a ń fi ọwọ́ fa ìwọ̀ wọ̀ lẹ́nu, òótọ́ ni. Bí a ṣe ń pa kápù báyìí yàtọ̀. Òjé gíráàmù 70 sí 110 ló wà nísàlẹ̀, ìwọ̀ sì wà lórí ọmọ okùn kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹja gbé ìjẹ, ó gbé orí sókè, ìwúwo òjé ló fi ìwọ̀ gún ètè rẹ̀ kí ẹ̀yin tó gbọ́ pé ó jẹ. Nínà okùn kò bá iṣẹ́ yẹn jà rárá.

Ẹsẹ̀ bèbè ni nínà ti ń ṣe wá lóore. Kápù ńlá tó ti rẹ̀, tó wá rí àwọ̀n lójijì, máa ń yí padà sá pẹ̀lú agbára. Okùn tó kù síta kò ju mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ nígbà náà. Náílọ́ọ̀nù á nà, á gba ìjá náà mọ́ra, nígbà tí okùn híhun á gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ètè ẹja, ìwọ̀ á sì ya jáde. Ẹ óò wá máa ní okùn kò já. Òótọ́ ni, kò já, ṣùgbọ́n ẹja ti lọ. Bí ẹ bá fẹ́ máa lo okùn híhun ṣá, ọ̀pá tó rọ̀ ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ sì dẹ bíréèkì sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

* * *

Fluorocarbon: n kò ní pẹ́ lórí èyí. Ilé iṣẹ́ Kureha ní Japan ló gbé e wá sọ́jà fún ìpẹja ní 1971. Ọ̀nà tó ń gbà tẹ ìmọ́lẹ̀ sún mọ́ ti omi ju ti náílọ́ọ̀nù lọ (omi jẹ́ 1.33, òun jẹ́ 1.42, náílọ́ọ̀nù jẹ́ bíi 1.53), nítorí náà ó ṣòro díẹ̀ sí i láti rí. Kò túmọ̀ sí pé ẹja kì í rí i. Ìwúwo rẹ̀ ló wù mí ju àìhàn rẹ̀ lọ: 1.78, nígbà tí náílọ́ọ̀nù jẹ́ 1.14 péré. Ó máa ń rì kíá, ó sì máa ń sùn mọ́lẹ̀ tẹ́ńbẹ́lẹ́. Ní omi tó mọ́ kedere, fún ẹni tó ń pẹja nítòsí tó sì ń dẹ okùn rẹ̀ sílẹ̀, ó dára gan-an.

Ó le lọ́wọ́, àmọ́. Bí ẹ bá ju ìwọ̀ jìnnà, á máa fò kúrò lórí ríìlì ní ìká-ká. Kókó tó gbà kò pọ̀, owó rẹ̀ sì ga. Bí àìhàn ló ń dà yín láàmú, ẹ jẹ́ kí mítà díẹ̀ tó sún mọ́ òjé fara mọ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹja ti ń jẹun. Mítà 60 tó kù kò kan ojú ẹja.

* * *

“0.35 ti nípọn jù, kò ní lọ jìnnà.”

Ó dá lórí ibi tí ẹ̀ ń lọ. Okùn tó nípọn ń fa afẹ́fẹ́ ju tínínrín lọ, ó sì ń tètè gba àyè nínú ríìlì: ibi tó gba mítà 300 ti 0.30 kò ní gbà ju bíi 220 ti 0.35 lọ. Mítà 70 ni ẹni yìí ń jù. Ọ̀pá tó tọ́ àti òjé gíráàmù 90 á gbé 0.35 débẹ̀ láìsí wàhálà.

Bó bá jẹ́ mítà 120 ni ẹ fẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. 0.28 tàbí 0.30 ló máa gbé yín dé ibẹ̀, ẹ óò sì nílò okùn nínípọn níwájú tó máa gba agbára jíjù, bí òfin omi yín bá gbà á. Ìlànà tí àwọn tó ń jù jìnnà ń tẹ̀ lé ni pọ́ùn 10 fún áúnsì òjé kan. Òjé áúnsì mẹ́ta, ìyẹn gíráàmù 85, ń fẹ́ okùn iwájú tó tó pọ́ùn 30. Ẹ má fojú kéré ìlànà yìí, torí òjé tó já nígbà tí ẹ ń jù ú lè pa ẹni tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

Pọ́ùn 12 tí ẹni tó ń tà sọ ńkọ́? Ní omi tó mọ́, tí kò ní igi tàbí òkúta, mo fara mọ́ ọn. Kì í ṣe níbi tí ẹ wà yìí.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní okùn àkọ́kọ́ họ dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Èkejì ká jọ.

Ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ yín nìyẹn. Òkúta ló gba ọ̀kan, kókó ló gba èkejì, kò sì sí okùn olówó iyebíye tó máa wo kókó sàn.

Nípa kókó: ẹ fi omi tàbí itọ́ tutù ú kí ẹ tó fà á le, nígbà gbogbo. Bí okùn bá ń yọ̀ lórí ara rẹ̀ ní gbígbẹ, ó ń gbóná, ooru yẹn sì ń ba okùn jẹ́ ní ibi tí agbára ti kéré jù tẹ́lẹ̀. Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀, ẹ má já a gbà. Kókó Palomar ṣeé ta lójú òkùnkùn, ó sì bá náílọ́ọ̀nù àti okùn híhun mu. Èyí tí wọ́n ń pè ní grinner náà dára. Ẹ mú ọ̀kan, kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n, dípò kí ẹ mọ méje láàbọ̀-láàbọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò nílé. Ẹ gé mítà kan okùn, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí kan, ẹ ta á mọ́ òrùka irin, ẹ fi òṣùwọ̀n onísípíríǹgì fà á títí yóò fi já. Ẹ fi aṣọ nínípọn wé ọwọ́, ẹ má sì lo ìwọ̀ gidi. Ẹ tún un ṣe ní ìgbà mélòó kan. Èmi kì í gba okùn tó ń já lábẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta nọ́ńbà ara páálí rẹ̀ níbi kókó. Èyí tó ń já ní 10 lónìí tó já ní 5 lọ́la burú ju èyí tó ń já ní 9 nígbà gbogbo, torí pé ẹ kò lè mọ ibi tí ẹ máa ti bíréèkì sí. Ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára okùn ni mo máa ń ti bíréèkì sí. Fún kìlógíráàmù 6.8, ìyẹn jẹ́ bíi 1.7 sí 2.3.

* * *

Ọ̀pọ̀ okùn rere ló ń bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kó o sínú ríìlì, kò tíì kan omi rárá.

Lílọ́ ni ìṣòro náà. Ẹ ká mítà mẹ́wàá wọlé, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ dẹ okùn. Bó bá lọ́ mọ́ra, ẹ yí róòlù okùn tí ẹ rà dé ojú kejì, kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ẹ fi aṣọ tútù di okùn mú kó le bó ti ń wọlé. Ẹ kún un dé mìlímítà kan tàbí méjì sí etí. Bó bá kún jù, á máa dà sílẹ̀ ní ìdìpọ̀, bó bá sì jìn jù, etí àgbá ríìlì á máa dí okùn lọ́wọ́ bí ẹ bá ń jù. Ẹni tó ń kó okùn híhun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ so náílọ́ọ̀nù díẹ̀ sísàlẹ̀, nítorí okùn híhun máa ń yọ̀ yí àgbá ríìlì po, ẹja á sì máa fà á lọ láìsí bíréèkì.

Náílọ́ọ̀nù tuntun tó kọ̀ tí kò rì, ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ nù ún.

* * *

Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni ká pààrọ̀ rẹ̀. Oòrùn ń sọ náílọ́ọ̀nù di gbígbẹ, a sì máa pàdánù àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń lọ déédéé kí ó pààrọ̀ lọ́dọọdún, kí ó sì tọ́jú ríìlì rẹ̀ síbi tó ṣókùnkùn. Láàrin ọdún, bí ẹ bá ti kúrò lómi, ẹ fi ìka méjì fa mítà 20 iwájú, ohun yòówù tó bá rí ṣákaṣàka, ẹ gé e. Bí owó bá há, ẹ yí okùn náà padà kí inú rẹ̀ di ìta, torí ìdajì tó wà nísàlẹ̀ kò tíì rí oòrùn tàbí òkúta rí. Èyí tí ẹ bá gé kúrò, ẹ gé e wẹ́wẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́ nù, nítorí ẹyẹ máa ń há sínú èyí tó gùn.

* * *

Ìbéèrè rẹ̀ ìkẹyìn: ṣé ríìlì méjèèjì ni kó ní okùn kan náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ̀ ń jù wọ́n sí ibì kan náà, kí ọwọ́ yín má baà máa ṣìnà láàrin ìgbà tí ẹ bá gbé ọ̀kan sílẹ̀ gbé èkejì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá kan bá ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ igi tó wó ní gbogbo ìgbà, 0.40 ni kí ẹ fi sí ìyẹn. Ẹ ti bíréèkì rẹ̀ le, ẹ jókòó tì í, ẹ má fi ìjẹ sí àárín igi gan-an bí kò ṣe mítà díẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹja ní láti jáde wá jẹun. Ọ̀pá kejì á wà lórí òkúta wẹ́wẹ́ pẹ̀lú 0.35. Ẹ ra róòlù ńlá, mítà 1,000, dípò kékeré méjì, á tó fún ọ̀pá yìí lónìí àti fún pípààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ lẹ bébà sábẹ́ ríìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìsanra okùn àti oṣù tí ẹ kó o sí i.